Ká ṣe ṣóò nílé: ìmọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ orin kékeré ní Mówè, Ìbafò àti Ifọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ẹ̀dà tọ̀sẹ̀ yìí rèé, fún ẹ̀yin tí dátà kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì ní Kara tí mọ́tò kò rìn, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú earpiece létí kan, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá yín mọ̀.

Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ilé-iṣẹ́ orin kékeré kan ní Mówè. Olórin mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wọn. Yàrá kan ni stúdíò wọn: laptop, máìkì kan, fóòmù lára ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kó owó jọ títí ó fi di ₦600,000. Ẹnì kan ní Èkó wá sọ fún wọn pé tí wọ́n bá kó owó náà wá, òun á fún olórin wọn kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìtàgé ńlá kan ní oṣù December. Ó bi wá pé: "Ṣé ká san án, àbí ká fi owó yẹn ṣe ṣóò tiwa níbí?" Ó wá fi kún un pé ọ̀kan nínú àwọn olórin náà ti ń sọ pé tí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, òun ń lọ.

Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po. Tó bá jẹ́ èmi ni, ṣóò tiwa ni màá ṣe. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ọdún méjì kó jọ lè parẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí n sì sọ bí a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní di gbèsè.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ta ló ni ín?

Ẹ wò ó dáadáa. Èrò tó wà níbẹ̀, nítorí ẹlòmíì ni wọ́n ṣe wá. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n máa gbé ọmọ Mówè sókè, àwọn èèyàn ṣì wà níta tí wọ́n ń ya fọ́tò. Kò sí pé ẹ yẹ ohùn wò kó tó bẹ̀rẹ̀. DJ ló máa fi orin sí i, olórin yín á kàn máa kọ lé ohùn ara rẹ̀ lórí. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò ní nọ́ńbà fóònù ẹnì kankan nínú àwọn tó wòran. Fídíò ọ̀hún, àwọn tó ṣe ṣóò ló ni ín.

Ẹ wá wo èèyàn 200 nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbafò, tí gbogbo wọn mọ̀ pé orin yín ni àwọ́n wá gbọ́. Ẹ ní orúkọ wọn, ẹ ní nọ́ńbà wọn, ẹ ní ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, ẹ ní fídíò tí ẹ lè gé sí wẹ́wẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ọjà tiyín nìyẹn. Ẹni tó bá lọ tajà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ṣọ̀ọ́bù, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó dìde, á dìde ni.

Àwọn àgbà ti tọ ọ̀nà yìí rí

Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni àpẹẹrẹ tó dára jù wà. Ẹ gbọ́ ìtàn Bàbá Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọba àpàlà. Ní 1948 ni wọ́n ṣe àwo àkọ́kọ́ fún HMV, wọ́n fi kọrin ki Ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, Orímolúsì. Àwo yẹn kò tà. Ẹlòmíì ì bá ti padà sílé lọ jókòó. Ṣùgbọ́n Bàbá ń lọ sóde ṣáá. Ìsìnkú, ìkómọjáde, ìwúyè, níbi gbogbo ni wọ́n ti ń pè é. Nígbà tó fi máa di 1955 tí wọ́n tún orin yẹn gbà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, àwọn èèyàn ti mọ ohùn rẹ̀ lóde, wọ́n sì ra àwo.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1969, Bàbá Hárúnà àti I.K. Dáíró, olórin jùjú, para pọ̀ dá STAR Records sílẹ̀. Olórin ló ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn, lásìkò tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńlá. Ní 1971, wọ́n ṣe àwo Oroki Social Club, tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ kan ní Òṣogbo pè. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: orúkọ àwọn tó ń jókòó gbọ́ orin lóde ló wà lára àwo. Kí Bàbá tó kú ní 1983, wọ́n ti kọ́ stúdíò ńlá, Phonodisk, sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn ò gbé e lọ sí Èkó.

Ẹ̀yin ará Ifọ̀, ẹ̀yin náà ní tiyín. Ìdógò ni wọ́n ti bí Olóyè Ebenezer Obey ní 1942. Ìdógò yẹn ni ọ̀nà ojú irin tó yà ní Ifọ̀ parí sí láyé ìjọ̀sí. Ibi tí a ń pè ní bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀bù yìí, ọ̀nà olórin ńlá ni.

Tí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ ti ìgbà tiwa, ẹ wo Ọlámidé. Ní 2012 ló dá YBNL sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tara ẹ̀. Ní 2014, ó ṣe ṣóò tirẹ̀ àkọ́kọ́ tó pè ní OLIC, ní Eko Hotel, Victoria Island. Ní December 2017, ó gbé e lọ sí pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè. Lójú tèmi, ìwọ̀n pápá yẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ọmọ Bàrígà ni, ó sì gbé ṣóò kúrò ní Island wá sápá ibi tí àwọn tó ń kọ orin rẹ̀ ń gbé.

Láyé àtijọ́, òde ló ń ṣáájú, àwo ló ń tẹ̀ lé e. Àwa ti yí i padà. A ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì tán, ká tó wá máa wá ẹni tó máa gbọ́ ọ. Ṣóò ni yóò sọ fún yín orin tí àwọn èèyàn máa ń bá yín kọ àti èyí tí wọ́n fi ń lọ ra omi. Ẹ̀rọ kankan kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ọjọ́ wo ni ká mú?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí àdúgbò wa kò dà bí Lẹ́kí.

Ẹ má mú ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Gbogbo ẹni tó ń gbé Mówè mọ ìdí rẹ̀: ọjọ́ yẹn ni Holy Ghost Service ní Redemption City. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ti kún. Sátidé àkọ́kọ́ náà kò dára, torí Prayer City ti MFM ń ṣe ìpàdé tiwọn lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ wo oṣù August tí Redeem ń ṣe kọnfẹ́ńsọ̀n, kí ẹ sì wo ọ̀sẹ̀ Congress wọn ní December. Ẹ béèrè ètò NASFAT náà lápá Asese. Tí ẹ bá kọ́ ṣóò lé ọjọ́ wọ̀nyí, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Berger á wà nínú mọ́tò nígbà tí olórin yín bá ń dágbére.

Ẹ wo oṣù Ramadan. Ẹ wo òjò: June àti July kì í ṣe àsìkò ṣóò ìta gbangba. Ẹ sì lọ bi Baálẹ̀ bóyá Orò máa jáde. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá la wà, tí wọ́n bá ní kí obìnrin má jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, ìdajì èrò yín ti lọ nìyẹn, ẹ sì ti fi àwọn ọmọbìnrin sínú ewu.

December ńkọ́? Gbogbo ohun èèlò ló ń wọ́n nígbà yẹn, àwọn tó ń yáni ní sípíkà kò sì ní gbé ipè yín. Tèmi ni pé kí ẹ mú Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù November, lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti wọlé, kí ọdún tó gba gbogbo owó lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ parí ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó bá ń padà sí Ṣágámù tàbí Àgbádó á ṣì rí mọ́tò. Màmá tó bá mọ̀ pé ọmọ òun á délé kí ilẹ̀ tó ṣú jù, á jẹ́ kó wá.

Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ kí

Mówè àti Ìbafò wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ifọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹ̀dà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ gbọ̀ngàn, ẹ mú ọ̀kan fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìyẹn CDA, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bá yín tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. So-Safe Corps wà ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ lè ní kí wọ́n bá yín ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Baálẹ̀, ẹ má fi lẹ́tà nìkan kí wọn. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ mú àgbàlagbà kan dání, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. "Bàbá, àwa ọmọ yín fẹ́ kọrin díẹ̀, a ò ní kọjá aago mẹ́jọ." Àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń wá gba owó lọ́jọ́ ṣóò, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ wá iṣẹ́ fún díẹ̀ nínú wọn: gbígbé àga, dídarí mọ́tò. Ẹni tó ti ń bá yín ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kì í fẹ́ kí ṣóò náà dàrú.

Ìṣirò: ìdajì gbọ̀ngàn

Ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká ní gbọ̀ngàn yín gba èèyàn 300, tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ₦3,000. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ máa fi 3,000 sọ 300 di púpọ̀, ẹ rí ₦900,000, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ìdajì ló máa sanwó: 150. Ìyẹn jẹ́ ₦450,000. Gbogbo ìnáwó yín pátá, láti orí gbọ̀ngàn, sípíkà, epo, onílù, omi, ẹ̀ṣọ́, dé orí bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, kò gbọdọ̀ kọjá ₦450,000.

Kí nìdí? Torí ẹ̀yin tí ẹ kọ sí wa ní ₦600,000. Tí òjò bá rọ̀ tí ẹnì kankan kò wá, ₦150,000 ṣì wà nílẹ̀, ilé-iṣẹ́ yín kò ní kú. Tí èèyàn 220 bá sanwó, ₦660,000 ló wọlé. Ẹ yọ ₦450,000 kúrò, ó ku ₦210,000. Tí àdéhùn yín bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì, ₦105,000 fún ilé-iṣẹ́, ₦105,000 fún àwọn olórin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦35,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó kékeré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó orin ni, kì í ṣe gbèsè.

Epo ńkọ́? Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan kò tó ₦200. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ju ₦500 lọ, ó sì tún ti gòkè láti ìgbà yẹn. Nítorí náà ẹ bi ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ pé lítà mélòó ló ń jẹ ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ lo wákàtí mẹ́ta láti yẹ ohùn wò, tí ṣóò gba wákàtí márùn-ún, lítà 32 nìyẹn. Ẹ fi mẹ́wàá lé e. Ẹ má gbójú lé iná IBEDC. Tó bá wà, ẹ dúpẹ́.

Ohùn, àti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ rèé, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́: èrò lè dárí ji yín tí ìtàgé kò bá rẹwà, wọn ò ní dárí jì yín tí wọn ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ. Orin Yorùbá ni, inú ọ̀rọ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Tí ẹ bá ní láti yan láàárín iná aláràbarà àti sípíkà tó máa dojú kọ olórin kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, sípíkà ni kí ẹ mú. Ẹ gba ohùn jáde tààrà láti ara mixer, kí máìkì kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ gbé máìkì méjì sí apá èrò, torí ariwo wọn ló máa fi hàn pé ojúkojú ni.

Báǹdì ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń rò pé Èkó la ti ń wá onílù. Ẹ wo àyíká yín. Bóyá ni ìlú kan wà ní Nàìjíríà tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí bíi ti ojú ọ̀nà Ìbafò sí Mówè. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni onídùrọ́ọ̀mù wà, onígìtá, onígángan, ọmọ tó lè fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé yín láì tíì gbọ́ orin náà rí. Àwọn ni ọrọ̀ àdúgbò wa. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àkókò wọn: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe ìgbáradì kọ́yà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ bá wọn sọ ọ́ láti oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n lè gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kọ́yà. Ẹ fi orin tí wọ́n máa lù hàn wọ́n, kó má di pé Páítọ̀ á rí i lórí TikTok kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n kó sí. Kí ẹ sì sanwó fún wọn. "Wá ràn wá lọ́wọ́, ìpolówó lo máa rí" kò ra epo sínú ọ̀kadà.

Ẹnu ọ̀nà àti owó níná

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra fún alert ayédèrú. Ẹni kan ṣoṣo ni kí nọ́ńbà àkáǹtì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó wo inú app báńkì fúnra rẹ̀, kó má wo fóònù ẹni tó ń sanwó. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá dákẹ́, kí ìwé orúkọ tí ẹ ti tẹ̀ jáde wà nílẹ̀.

Ohun tó kàn rèé: Yorùbá ni wá, tí orin bá wọ̀ wá lára, owó la máa ń ná. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ìwà ọ̀daràn ni kéèyàn máa fọ́n náírà tàbí kó máa jó lé e lórí. Ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ̀yin ẹ rò pé eré ni títí di April 2024, tí ilé ẹjọ́ fi rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Nítorí náà ẹ gbé àpótí kan síwájú ìtàgé. Kí alága ètò kéde rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹni tí orin bá gún ní kẹ́ṣẹ́, àpótí rèé o, ẹ má fọ́n ọn." Ẹ lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ọn lára. Ẹ sì jẹ́ kó wà nínú àdéhùn ẹni tó ni owó inú àpótí yẹn, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé, kí ìfẹ́ má bàa di ìjà

Ìyẹn ló mú mi dórí ìwé. King Sunny Adé wà ní African Songs, ilé-iṣẹ́ Olóyè Abíórò, tó jẹ́ ọmọ Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Orin ń tà, òkìkí ń kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ó dé ilé ẹjọ́. Ní 1974, King Sunny dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Sunny Alade Records, sílẹ̀. Olórin tó ń sọ pé òun ń lọ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ojú ewé kan ti tó. Ta ló ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ṣóò? Ta ló ni fídíò? Báwo la ṣe máa pín èrè, ta ló sì máa ru àdánù? Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan wà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tuntun ti wà láti 2023 tí Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí i, ó sì dáàbò bo olórin tó ń ṣeré lójúkojú. Tí DJ yín bá máa lo orin àwọn ẹlòmíì, ẹ wá ìwé àṣẹ ṣáájú. MCSN ni ìjọba fún láṣẹ ní 2017 láti máa gba owó yẹn fún àwọn olórin; ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn náà ló ṣì ní àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí wọ́n sanwó orin yín, ẹ sanwó orin ẹlòmíì.

Ọjọ́ kejì

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ má sùn jù. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú fídíò kékeré kan. Ẹ padà lọ kí Baálẹ̀. Ẹ fi ìṣirò han àwọn olórin yín, gbogbo náírà tó wọlé àti èyí tó jáde, àti rísíìtì. Ohun tí kì í jẹ́ kí olórin lọ nìyẹn. Ẹni tó rí ìwé owó, bí owó náà tilẹ̀ kéré, á mọ̀ pé àwọn tí kò ní yan òun jẹ lòún wà pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Mówè, ẹ sọ fún ará Èkó yẹn pé ẹ dúpẹ́. Ẹ lọ wá gbọ̀ngàn tó gba 300, kí ẹ sì ṣírò 150. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a máa kéde rẹ̀ lórí ètò yìí láì gba kọ́bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tèmi, màá ra á lówó ara mi.

Ẹ̀yin yòókù, tí ẹ bá ti ṣe ṣóò rí ní Ifọ̀, Ìbafò, Magboro, Àrẹ̀pò, tàbí ibikíbi lójú ọ̀nà yìí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ sọ èyí tí a kò mẹ́nu bà. Ó dìgbà kan ná. Kí mọ́tò rìn fún yín ní Kara.